Ọkùnrin Tó Kúnlẹ̀ Kí Àna Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, Tíṣà Obed Adéníran dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìlá, ó fọwọ́ ti ògiri, ó ń dúró kí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbà láti tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ síbi tí àwọn méjèèjì jọ ń lọ. Fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Fọlákẹ́mi ọmọ rẹ̀ ni, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin. Ó ní òun ti rí dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Fàrúkù. Ó ní dókítà náà yóò gba ojú ihò kan tí kò ju ihò bọ́tìnnì lọ wọ ẹ̀yìn Bàbá, yóò fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú, yóò sì yọ ohun tó fún iṣan mọ́ egungun. Tí wọ́n bá ṣe é láàárọ̀, Bàbá yóò ti padà dé Ìlá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Obed gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní.

"Ṣé màá lè dọ̀bálẹ̀?"

Fọlákẹ́mi mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá.

"Wọ́n ní ẹ óò lè dọ̀bálẹ̀, Dádì."

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ yìí ń jẹ Obed lọ́kàn ju ìrora lọ. Ìyádùnní aya rẹ̀ ti kú nígbà òjò tó kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín, Obed bẹ̀rẹ̀ láti gbé bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń bọ̀ wá bá a kẹ́dùn, ohun kan sì dá pàkà nínú ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ata lílọ̀ pa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn náà, tí wọ́n sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn tìmùtìmù kéékèèké tí Ọlọ́run fi sáàárín egungun ẹ̀yìn ti yọ kúrò láyè rẹ̀, ó sì tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú, ta ló mọ̀? Ohun tí gbogbo ayé rí ni pé ọkọ olóògbé ń dúró gbagidi.

Òbí kì í rí ibojì ọmọ. Nítorí náà ìyá Ìyádùnní kò wá sí Ìlá. Ó jókòó sílé rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, ó ń retí àna rẹ̀, pé nígbà tí wọ́n bá fi erùpẹ̀ bo ọmọ òun tán, ọkùnrin tó gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun yóò wá fi àyà balẹ̀ níwájú òun. Obed lọ. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò bí ìgbà tí èèyàn ń gbé pákó. Nígbà tó dé iwájú màmá, ó gbìyànjú láti tẹ̀, ẹ̀yìn kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ẹ̀yìn tún kọ̀. Ó nàró níbẹ̀ bí òpó iná, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀fọ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yìn.

Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nígbà tó ń tọrọ ọmọ mi, òun ló nàró nígbà tó sin ín tán." Ó bá kọjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà kò dá Obed lóhùn mọ́. Ọlálékan, àbúrò Ìyádùnní, tó ń wa mọ́tò láàárín Ìlá àti Òkè-Ìlá, ló ń gbé ìkíni lọ, òun náà ló sì ń gbé e padà bọ̀ láìní èsì. Ọlálékan ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iṣan fún ìyá rẹ̀ títí. Màmá ní òun ti dàgbà, òun ti rí oríṣiríṣi àìsàn, gbogbo èyí tí òun sì mọ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń dá èèyàn dùbúlẹ̀. Àìsàn wo ló wá ń fún èèyàn láṣẹ kó nàró, tó ní kó má dùbúlẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà nira láti dá lóhùn, nítorí òótọ́ ni. Orí àga ni Obed ń sùn.

Ọdún Ìyádùnní ti fẹ́ pé báyìí. Obed ti pinnu pé ọdún náà kò gbọdọ̀ kọjá lórí ìbínú yẹn. Màmá ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Bó bá lọ láìdá òun lóhùn, ta ni yóò bá òun mú ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Ìyádùnní?

Esther, ẹ̀gbọ́n Obed obìnrin, tó ti wá ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti máa se oúnjẹ fún un, kò gba ìròyìn náà gbọ́ rárá. Ó béèrè bí wọ́n ṣe máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún èèyàn tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, tó sì máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀. "Ṣé irun ni wọ́n fẹ́ gé fún ọ ni?" Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó di sítóòfù, ẹní, gàrí, ìkòkò ọbẹ̀ méjì, Bíbélì àti aṣọ òtútù sínú mọ́tò, nítorí ọsibítù tí òun mọ̀, èèyàn kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí á fi ga.

Dókítà Fàrúkù kéré lójú Obed. Nígbà tí ó rí àgbàlagbà náà, ó tẹ̀ kóló, ìka ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀. Obed kò gbọ́ ìkíni náà dáadáa. Ẹ̀yìn dókítà ló ń wò, bó ṣe tẹ̀ tó sì tún nà láìṣe wàhálà kankan, bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ẹni tó ń jẹun.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ara tù ú, wọ́n sì ní kó dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Obed nà gbalaja lórí àyà rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì níwájú. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ tí òun ti ń wá láti ọdún tó kọjá nìyí, ó sì pé pérépéré, àfi pé kò sí àna kankan níwájú òun. Ó pe Fọlákẹ́mi, tó dúró tì í. Ó ní kó yára ya òun ní fọ́tò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí Ọlálékan, kí Ọlálékan fi han Màmá. Dókítà wo nọ́ọ̀sì tó ń ràn án lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì náà wo dókítà. Wọ́n ya fọ́tò náà.

Wọn kò kùn ún lóorun pátápátá. Ó ń gbọ́ ohùn wọn bí ohùn àwọn tó wà nínú yàrá kejì. Ó gbọ́ ohun kan tó ń rún wúwúwú bí eku tó bá ẹ̀pà pàdé. Dókítà ní kó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, ó mì í. Lẹ́yìn náà, láìsí ariwo, iná tó ti ń jó lẹ́sẹ̀ náà láti ọdún kan kú, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ àtùpà pa. Obed sọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sínú ìrọ̀rí. Kò sí ẹni tó béèrè ẹni tó ń pè.

Esther wà níta, ó ti tẹ́ ẹní rẹ̀, ó ti tan sítóòfù, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ara gírí fún àdúrà, nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ó ti parí. Ó ní kí wọ́n má fi òun ṣeré. Nígbà tí Obed fẹsẹ̀ rìn jáde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tó sì fẹsẹ̀ rìn padà, ìkòkò ọbẹ̀ kìíní kò tíì hó.

Kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Kàdíjátù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń lo ara, wá bá Obed. Ó ní kó máa rìn láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ní kó má gbé ẹrù, kó má sì tẹ ẹ̀yìn rárá títí dókítà á fi tún rí i. Bí ohun kan bá jábọ́, kó di nǹkan mú, kó jẹ́ kí ẹ̀yìn nà, kó fi orúnkún lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣe é kó rí i.

Obed wò ó. Ó ní, "Ìkúnlẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi."

"Ẹ pè é ní orúkọ tó bá wù yín, Bàbá. Ẹ má ṣáà tẹ ẹ̀yìn."

Obed yíjú sí dókítà, ó béèrè ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní yóò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí, ó di ìgbà tí òjò bá ti dá. Ọdún Ìyádùnní yóò ti kọjá nígbà náà. Gbogbo ọ̀nà láti Ìlọrin ni Obed fi ń ka oṣù lórí ìka. Wọ́n ń dúró lọ́nà kó lè na ẹsẹ̀, Esther sì ń bínú nítorí gàrí tí wọn kò jẹ.

Ọlálékan ti fi fọ́tò han Màmá. Màmá gba fóònù náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó sì dá a padà. Ó ní ẹni tí wọ́n tẹ́ kì í ṣe ẹni tó dọ̀bálẹ̀.

Ní Ìlá, bí èèyàn bá ti ibi iṣẹ́ abẹ bọ̀, a gbọ́dọ̀ lọ kí i kú ewu. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán. Màmá Faith, tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà, gbé àkùkọ ńlá kan wá. Ó kí Obed kú ewu tomijé-tomijé, ó sì ní kó jẹ́ kí òun rí ibi tí wọ́n là. Obed yíjú padà, ó ká ẹ̀wù sókè. Pílásítà kékeré kan ló wà níbẹ̀. Màmá Faith wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní rárá, kì í ṣe ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ ni òun ń béèrè. Nígbà tí wọ́n fi yé e pé òun gan-an nìyẹn, ó dìde, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì gbé àkùkọ rẹ̀ mọ́ abíyá lọ. Lọ́jọ́ kejì ó fi ẹyin méjì ránṣẹ́. Ó ní ìyẹn ló bá ojú egbò náà mu.

Ojú ti Esther. Ó fa aṣọ tẹ́rù funfun ya, ó sì fi wé Obed láti abẹ́ abíyá dé ìbàdí. Láti ìgbà náà ni ìkíni náà ti dùn. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń rí aṣọ funfun, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń gbé wàrà alágolo kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Kàdíjátù ti ní kó máa rìn. Àwọn tó sunkún fún un láàárọ̀ ń pàdé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ lọ́nà ọjà, tí ó ń rìn wéréwéré bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́, tẹ́rù funfun ń yọ lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó dùn wọ́n. Wọ́n ní ó yẹ kí èèyàn bọ̀wọ̀ fún omijé tí wọ́n bá da fún un, kó má máa rìn lé e lórí.

Ọjọ́ Ìsinmi ló wá burú jù. Bí Obed ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó kọ́kọ́ pàdé ni Bàbá Elijah, Bàbá Ìjọ wọn, ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí gbogbo ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ fún. Obed dúró. Ó rántí ohun tí ìnàró ti fà fún un ní Òkè-Ìlá. Ìdọ̀bálẹ̀ kò ṣeé ṣe, ìnàró kò sì ṣeé dán wò lẹ́ẹ̀kejì. Ó di ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì mú, ó mú ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Duru dákẹ́. Ẹni tó ń lù ú ti gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Bàbá Elijah, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí Obed, ó sì dáhùn pé, "Ọlọ́run á bùkún ọ, ọmọbìnrin mi."

Kí ìwàásù tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìta. Àwọn kan ní ihò náà lè kéré, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gba ibẹ̀ yọ kò kéré. Àwọn mìíràn ní inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ọkùnrin fi ń jẹ́ ọkùnrin láti ilẹ̀ wá, àti pé ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n máa fi kámẹ́rà wá nǹkan kiri níbẹ̀, kó má bínú bí wọ́n bá bá ohun kan lọ. Àwọn obìnrin kò dá sí i. Ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn ni pé Tíṣà ń kúnlẹ̀ bí ràkúnmí.

Ẹgbẹ́ Àwọn Ọkùnrin pe ìpàdé. Wọ́n fi orin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì béèrè bóyá ó ṣì tọ́ kí Arákùnrin Obed máa jókòó lápá ọ̀tún pẹ̀lú wọn, tàbí kó sún sí apá òsì pẹ̀lú àwọn ìyá. Ẹnì kan béèrè ẹni tí yóò máa san owó ẹgbẹ́ fún ní apá òsì. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n ní sùúrù títí òjò á fi dá. Wọ́n pe Obed wọlé, wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ṣàlàyé tìmùtìmù, ó ṣàlàyé iṣan, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì. Gbogbo wọn mi orí. Inú rẹ̀ dùn pé ó yé wọn, ó sì kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Wọ́n ní kó jáde.

Ìgbẹ̀yìn ìpàdé náà ni pé wọ́n fẹnu kò pé ọkùnrin ṣì ni Arákùnrin Obed, ṣùgbọ́n ó wà ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Esther bẹ̀ ẹ́ kó jókòó sílé títí ìsinmi náà á fi parí. Obed ní ọdún kì í dúró de ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ọdún Ìyádùnní pé, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó dára jù, ó tú tẹ́rù Esther kúrò lára, ó sì lọ jókòó sínú mọ́tò Ọlálékan.

Ọlálékan wakọ̀ títí wọ́n fi jáde ní Ìlá. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá lọ kúnlẹ̀ fún Màmá, wọ́n á ní ẹ fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó dúró, wọ́n ṣì ń pè é ní agbéraga. Èyí tó kúnlẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n á pè é."

Obed ní, "Kí wọ́n ṣáà pè mí."

Màmá wà níwájú ilé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Àwọn ọkùnrin ilé náà mélòó kan wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí Màmá ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ tí ó mọ̀, ó gbé igbá rẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Obed dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Ó fi orúnkún ọ̀tún lọ sílẹ̀, ó fi ti òsì tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ kú ilé, Ìyá."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀gúsí. Ìsàlẹ̀ ni ohùn náà ti wá. Ohùn ọkùnrin tó nàró kì í ti ibẹ̀ wá, ti ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ sì máa ń rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ òun obìnrin nìkan ló ń ti ibẹ̀ kí òun. Ó yíjú padà. Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé orúnkún, ó sì pẹ́ lórí orúnkún.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Obìnrin kan ní ọsibítù ni, Ìyá. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀yìn. Ibi tí agbára mi mọ nìyí."

"Kò kọ́ ọ dáadáa." Ó gbé igbá kalẹ̀. "Nílé yìí, orúnkún òsì ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọmọ mi. Dìde. Tún un ṣe."

Obed di òpó mú, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀, òsì lákọ̀ọ́kọ́. Màmá ní ó yá jù. Ó tún un ṣe. Màmá ní kí ló ń wò lókè, ṣé òrùlé ló fẹ́ kí ni? Ó wolẹ̀. Àwọn ọkùnrin abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti rí ohun tí wọ́n ń wò lójú ọ̀nà. Ọlálékan wọ abẹ́ mọ́tò rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan kò ṣe mọ́tò náà.

Ní ìgbẹ̀yìn Màmá fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, kó lè dúró síbi tó wà.

"Ṣé ọmọ mi máa ń kúnlẹ̀ kí ọ?"

"Láràárọ̀ ni, Ìyá. Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ gan-an, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo ní kó má sọ̀ kalẹ̀."

Màmá mi orí. Ó mú ẹ̀gúsí kan, ó bó o, ó jù ú sínú igbá.

"Káàbọ̀, ọkọ Ìyádùnní," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé àga wá fún un, àga tó ga, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó kó ẹ̀gúsí tó ti bó sínú ọ̀rá fún Esther. Ó sì sọ fún Obed pé ojú òun kò gbọdọ̀ rí ibi tí ọmọ òun wà, àmọ́ kó bá òun kí i.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Obed jáde fún ìrìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Kàdíjátù ṣe wí. Kò gba ojú ọ̀nà. Ó yí gba ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n sin Ìyádùnní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ ṣì tutù. Esther yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó fẹ́ kígbe pé kó má tẹ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ohun tó fẹ́ ṣe, ó pa ẹnu dé.

Ó di igi ọsàn náà mú. Ó mú ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Orúnkún òsì kọ́kọ́ kanlẹ̀, kò yá jù, lẹ́yìn náà ti ọ̀tún.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Fọlákẹ́mi," ni ó wí. "Màmá ní kí n kí yín."